Àwòdì Tó Ń Ṣọ́ Imú Ọkọ̀

Eyín méjì ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àwòdì fi fẹ́ ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe eyín tirẹ̀ o, eyín ọkọ ni. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ọkùnrin náà, tí gbogbo èbúté mọ̀ sí Kíákíá, ń fi ọkọ̀ akérò dá àrà lórí omi kí àwọn èrò lè pàtẹ́wọ́ fún un. Àwòdì, tó jẹ́ èrò lásán lọ́jọ́ náà, lọ bá a nídìí sítíárì, ó ní kó rọra, òun rí èémí ẹja ńlá níwájú. Kíákíá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Arábìnrin, ẹ lọ jókòó, ojú yín ń ṣe bàìbàì." Kò tíì pa ẹnu dé tí ẹ̀ṣẹ́ fi bà á. Ọkọ̀ yà, eyín bọ́, nígbà tí Kíákíá sì máa gbé ojú sókè, àbùùbùtán kan tó gùn ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ ni ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sómi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni bàbá yín? Mo fẹ́ wá rí wọn."

Bàbá náà, apẹja ni. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wo omi, àjẹ̀ ló sì fi kọ́ ọ. Á gbé ọmọ sí iwájú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, bí ẹja bá mí tí ọmọ kò bá rí i, àjẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, gbà! Èmi kò ní yin bàbá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé kí Àwòdì tó pé ọmọge, kò sí nǹkan tó lè yọ orí lójú omi kó má rí i. Ó rí èémí àbùùbùtán láti ibi tí ẹlòmíràn kò ti rí ju ìgbì lásán lọ. Ọwọ́ líle náà ló sì jogún pẹ̀lú ojú líle. Ẹni tó bá dúró síbi tó yẹ kí òun dúró, kò ní bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó tì í.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ kì í le sí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni. Nígbà tí ìyá wọn ń kú lọ, ó fi ọwọ́ ọmọkùnrin náà sínú ọwọ́ Àwòdì, ó ní, "Òun nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún ọ. Bí wàhálà bá ń bọ̀ wá bá a, kó kọ́kọ́ bá ọ." Àwòdì ní òun gbọ́. Ó tọ́ ọ dàgbà, ó ràn án lọ sí ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnì, ó sì mú un wá sórí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀. Gírísì ni àwọn èrò ń pè é, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ti tó ọkùnrin, ó ní irùngbọ̀n, àmọ́ bó bá wúkọ́ lásán, Àwòdì á ti dìde.

Ọ̀nà omi tí ọkọ̀ wọn ń gbà láti èbúté lọ sí erékùṣù, ọ̀nà àbùùbùtán ni kó tó di ọ̀nà ènìyàn. Lọ́dọọdún, àwọn ìyá ẹja a máa kó ọmọ wọn gba ibẹ̀, wọn a sì máa sinmi lójú omi bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn níwájú ilé rẹ̀. Ìjọba wá so àwọn àgbá pupa tó léfòó síbẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sáré láàárín wọn. Òfin náà dára. Àmọ́ àwọn atukọ̀ ń wo àgbá náà bí ẹni ń wo ọ̀ṣọ́. Ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé èbúté ló ń kó èrò, èyí tó bá kẹ́yìn á kó àpò ẹrù.

Ariwo ẹ́ńjìnì kì í jẹ́ kí ẹni tó wà ní yàrá atukọ̀ gbọ́ ẹni tó wà ní imú ọkọ̀. Agogo tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀ ti já sómi tipẹ́, ẹni tó ni ọkọ̀ kò sì rántí ra òmíràn. Nítorí náà, okùn ni tọkọtaya yìí ń lò. Àwòdì á di ìdí okùn mú níwájú, okùn á gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, á wọ ojú fèrèsé yàrá atukọ̀, ojóbó tó wà lẹ́nu rẹ̀ á sì wà ní apá òsì Kíákíá. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kó rọra. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kó dúró. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn atukọ̀ yòókù sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Kíákíá, ìyàwó ẹ ti so ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́!" Kíákíá á ní, "Ewúrẹ́ tí wọ́n bá so kì í sọnù."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé okùn náà di ẹnu fún wọn. Àwòdì á fà á díẹ̀ láti béèrè bóyá ọkọ òun ti jẹun, Kíákíá á fà á padà pé òun ti jẹ. Ìyẹn dùn mọ́ni. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ilé jà wá, orí okùn náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ìyàwó á fà, ọkọ á fà, ọkọ̀ á máa yà sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀mùtí, àwọn èrò á máa ké pe Olúwa wọn. Gírísì á yọ orí láti inú ihò ẹ́ńjìnì, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹja ni àbí ọ̀rọ̀ ilé?" Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín. Àwòdì náà á rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó bá ti ṣépè díẹ̀.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹni tó ni àwọn ọkọ̀ náà ra tuntun kan, ńlá, tó ní gíláàsì yíká. Ó ní atukọ̀ tó bá ń ṣáájú jù ní àsìkò náà ni òun máa gbé e fún. Ó kù sáàárín Kíákíá àti atukọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Onífìlà Pupa, ẹni tí wọn kì í bá ṣeré bó bá ti kan ọ̀rọ̀ eré sísá.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Àwòdì gbé tíì síwájú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bá ọkùnrin yẹn sáré lónìí. Mo ti rí àwọn ẹja lánàá. Wọ́n ti gbé ọmọ dé."

Kíákíá ní, "Ìwọ ṣáà máa wò wọ́n fún mi. Iṣẹ́ ojú ni tìẹ, iṣẹ́ ọwọ́ ni tèmi."

Ẹ ní láti mọ̀ pé bí inú Àwòdì bá dùn, "ẹ̀yin" ni ó ń pe ọkọ rẹ̀. Bí inú bá bí i, ó di "ìwọ". Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé etí ẹ dí ni? Ṣé ojú mi máa bá ẹ tẹ ọkọ̀ dúró ni?"

"Bó ò bá fẹ́ wá, jókòó sílé!"

Ife tíì fò. Kò bà á, ògiri ló bà. Kíákíá náà fi ẹsẹ̀ ta àga, àga ba Àwòdì ní ojúgun, òun náà sì gbé kẹ́tù, omi gbígbóná dà sí Kíákíá lẹ́sẹ̀. Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí kò ṣe. Gírísì sáré jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó wọ àárín wọn, ó sì gba ìgbátí tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò mọ ẹni tó gbá a nínú àwọn méjèèjì. Ó ní, "Ó ti sú mi o! Lójoojúmọ́! Láti ilé dé orí omi!" Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣáájú wọn lọ sí èbúté.

Nígbà tí wọn yóò fi dé ibẹ̀, ọkọ̀ Onífìlà Pupa ti ń kó èrò. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kíákíá wọ yàrá rẹ̀, ó ki apá òsì bọ ojóbó. Àwòdì lọ sí imú ọkọ̀, ó wé okùn mọ́ ọwọ́. Àwọn èrò jókòó gátagàta. Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, wọ́n ń lọ kí ará ilé wọn ní erékùṣù.

Ọkọ̀ méjèèjì gbéra pọ̀. Oòrùn mú, omi tẹ́ pẹrẹsẹ, ọjọ́ tó dára ni. Nígbà tí wọ́n máa dé àgbá àkọ́kọ́, imú ọkọ̀ méjèèjì dọ́gba. Onífìlà Pupa ṣí fìlà rẹ̀, ó jù ú sókè sí Kíákíá bí ẹni ń kí àgbà. Kíákíá ti ọ̀pá ìsáré síwájú.

Àwòdì rí wọn. Ìyá kan, ó tẹ́ sójú omi bí òkúta dúdú, kò mira. Ọmọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ díẹ̀, ó ń yí gbiri-gbiri, ó ń ṣeré. Iwájú ọkọ̀ wọn tààrà ni wọ́n wà. Àwòdì fa okùn lẹ́ẹ̀kan.

Ọkọ̀ kò rọra.

Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì sí i. Okùn náà le, kò wá bó ṣe máa ń wá. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Kíákíá nínú gíláàsì, ojóbó wà ní apá rẹ̀ rekete, ó kọ ojú sí ọkọ̀ kejì, ó ń fi eyín tó kù rẹ́rìn-ín. Àwòdì rò pé ó ń gan apá ni. Ó rò pé ọkùnrin yìí ń gbọ́ òun, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí kẹ́tù àárọ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ irin, ó fi gbogbo ara fà á, awọ ọwọ́ rẹ̀ bó, ó ń pariwo, "Dúró! Ìwọ ẹran yìí, dúró!" Ẹ́ńjìnì gbé ariwo rẹ̀ mì.

Ọkọ̀ gun ọmọ náà.

Irú ìró yẹn, kì í ṣe etí ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, eyín ni. Ọkọ̀ dúró lójijì, àwọn èrò kò dúró. Wọ́n fò láti orí àga, wọ́n fi orí sọ irin, wọ́n fi àyà sọ ara wọn. Ẹnì kan já gba ojú gíláàsì lọ sómi. Tísà àgbà náà fi ọrùn gbá irin àga tó wà níwájú rẹ̀, kò sì tún gbé orí mọ́. Àwòdì ìbá ti wà lábẹ́ ọkọ̀, bí kì í bá ṣe okùn tó wé mọ́ ọwọ́ tó gbé e rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó wo ìsàlẹ̀. Omi ti pupa. Imú ọkọ̀ ti la ọmọ náà lẹ́yìn, ó sì ń fi ìrù lu omi lábẹ́ ẹsẹ̀ Àwòdì, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ń ta sí i lójú.

Àwòdì gun òkè padà. Nígbà náà ni ìyá ẹja gbéra.

Kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé agbára bẹ́ẹ̀. Ó wọ abẹ́ omi lọ, ó sì fi orí gbé ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀, ọkọ̀ gbéra kúrò lójú omi, ó padà balẹ̀, pákó ya. Ó yípo, ó fi ìrù gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àga mẹ́ta bá a lọ pẹ̀lú àwọn tó di àga náà mú. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀wù ìléfòó. Ọkùnrin kan já ẹ̀wù lára obìnrin kan, obìnrin náà bù ú jẹ lọ́wọ́ títí egungun fi yọ. Onífìlà Pupa ńkọ́? Ó ti lọ. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Wa ọkọ̀! Wa ọkọ̀ kúrò níbí!" ni gbogbo èrò ń ké sí Kíákíá. Ó sì ń gbìyànjú. Ó ti ọ̀pá ìsáré síwájú pátápátá, ẹ́ńjìnì bú ramúramù.

Abẹ́ pákó ọkọ̀ ni Àwòdì ti gbọ́ igbe kan. Ó mọ ohùn náà kó tó mọ ohùn ara rẹ̀. Ó fò lọ sí ihò ẹ́ńjìnì, ó wo inú rẹ̀. Gírísì ti ṣubú sórí ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bẹ́líìtì tó ń yí lára ẹ́ńjìnì ti mú ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó ti mú apá rẹ̀, ó sì ń fà á wọlé. Bí Kíákíá bá ti ń fún ẹ́ńjìnì lágbára lókè, bẹ́ẹ̀ ni apá ń lọ nísàlẹ̀. Gírísì fi ọwọ́ kejì di òpó mú, ojú rẹ̀ ti yí, ó ń ké, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi o!"

Ọ̀pá ìwọ̀ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ mọ́ èbúté wà nílẹ̀ níbẹ̀. Àwòdì gbé e. Kò mọ ìgbà tó gbé e. Ó gba orí àwọn èrò kọjá dé yàrá atukọ̀.

"Pa ẹ́ńjìnì!"

"Ṣé orí ẹ ti yí ni? Ẹja náà máa pa gbogbo wa!"

"Ó ń jẹ apá Gírísì! Pa á!"

Kíákíá kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀ ni ó ń ké jáde. "Kí ló dé tó ò fa okùn? Àbí torí ìjà àárọ̀? Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ fi ikú gbẹ̀san!"

"Mo fà á títí ọwọ́ mi fi bó!"

"Irọ́! Irọ́ lo ń pa!"

Ó fi ìgúnpá tì í, ó sì tún ti ọ̀pá ìsáré síwájú. Igbe tún wá láti ìsàlẹ̀. Àwòdì yí ọ̀pá ìwọ̀, ó sì gbá ọkọ rẹ̀ lójú. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ eléyìí, kì í ṣe eré àfẹ́sọ́nà. Irin wọ ojú òsì, Kíákíá ṣubú sórí sítíárì, ó yí wálẹ̀, ó di ojú mú, ẹ̀jẹ̀ àti omi ojú ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ó ké bí ọmọdé. Àwòdì gba orí rẹ̀ kọjá, ó pa ẹ́ńjìnì.

Ariwo ẹ́ńjìnì dá. Ìyá ẹja náà tún gbá wọn lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ mì tìtì, gbogbo ènìyàn sì ń dúró de èyí tó kàn. Kò wá. Ó ti yí lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó fi imú gbé e sókè, ọmọ náà yọ̀ bọ́ sómi, ó tún gbé e, ó tún bọ́. Bóyá ariwo ẹ́ńjìnì ló ń bí i nínú, bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni, èmi kò lè sọ, ẹni tó bá sì ní òun lè sọ, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí kẹ́yìn, òun àti òkú ọmọ rẹ̀, kí àwọn ọkọ̀ apẹja tó wá yọ àwọn tó wà nínú omi, tí wọ́n sì fa ọkọ̀ wọn lọ.

Wọ́n gé apá Gírísì ní èjìká. Ojú òsì Kíákíá lọ. Wọ́n sin tísà. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti hàn: bí ẹni tó ń ṣọ́ imú ọkọ̀ kò bá fa okùn, òun ló jẹ̀bi, bó bá fà á tí atukọ̀ kò dáhùn, ẹ̀wọ̀n ni fún atukọ̀. Àwòdì kò lọ wo ọkọ rẹ̀. Ó kó ẹrù ọkùnrin náà sínú àpò, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Gírísì ni ó ń sùn ní ilé ìwòsàn. Bó bá ti ń nu ojú fún un, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. "Wọ́n máa jù ú sẹ́wọ̀n, á sì jẹ̀rà níbẹ̀. Ó gbọ́ mi, ó kàn ń ṣagídí ni. Ó gé apá àbúrò mi nítorí ọkọ̀ tuntun."

Gírísì kọ ojú sí ògiri. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò gbọ́ yín."

"Ta ni ò gbọ́ mi? Mo rí ojóbó lápá ẹ̀!"

"Okùn ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ni mo so ó." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Kẹ́ ẹ tó dé èbúté, mo so ó mọ́ irin lábẹ́ fèrèsé, mo fi tapólì bò ó. Mo kúkú ní kẹ́ ẹ sinmi ìjà fún ìrìn àjò kan péré. Kẹ́ ẹ fà á títí, kó má dé ọ̀dọ̀ wọn, kí kálukú rò pé ẹnì kejì ti dákẹ́. Mi ò ronú ẹja. Olúwa ló mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ronú ẹja rárá."

Àwòdì gbé ọwọ́ sókè. Ó wo orí tí wọ́n wé, ó wo èjìká tí kò ní apá mọ́, kò rí ibi tí yóò gbá. Ó fi ọwọ́ náà sẹ́nu ara rẹ̀, ó sì gé e jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ìbínú kò da nǹkan, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló ń rántí rẹ̀ nígbà tó yẹ? Ojú ọkùnrin tó gbẹ́kẹ̀ lé ojú rẹ̀ ni ó ti fọ́. Kíákíá sáré nítorí pé ó mọ̀ pé bí ewu bá wà, ìyàwó òun á fa okùn.

Ó lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyàwó ilé kò fẹ́ ṣí ìlẹ̀kùn fún un, Kíákíá ló ní kó wọlé. Ó jókòó lórí ẹní, báńdéèjì bo ìdajì orí rẹ̀. Àwòdì kúnlẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Mo ti ṣẹ̀ yín. Ẹ gbá mi. Ẹ fọ́ tèmi náà."

Kíákíá kò gbá a. Ó ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó nínú ọkàn mi pé o mọ̀-ọ́n-mọ̀ jẹ́ ká kú. Ìyẹn ló dùn mí ju ojú lọ." Lẹ́yìn náà ó béèrè, "Ta ló tún gbọ́ ọ̀rọ̀ Gírísì yìí?"

"Èmi nìkan. Ẹ̀yin náà báyìí."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Bí Àwòdì bá ní kó sọ ọ́, àbúrò tí ìyá fi lé e lọ́wọ́ á wọ ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú apá kan. Bó bá ní kó má sọ ọ́, ọkọ tó ti fọ́ lójú ni á wọ̀ ọ́. Ó dìde, ó sì jáde.

Gbọ̀ngàn tí ìgbìmọ̀ náà jókòó sí kún, ooru mú, fáànù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ìlà iwájú ni ọmọbìnrin tísà wà, nínú aṣọ dúdú. Àwòdì àti Gírísì wà lẹ́yìn. Alága béèrè lọ́wọ́ Kíákíá bóyá ìyàwó rẹ̀ fa okùn.

Kíákíá ní, "Ó fà á."

"Ṣé o gbọ́ ọ lápá?"

"Alága, kì í ṣe okùn ló ń wa ọkọ̀ náà. Èmi ni. Ibi tẹ́ ẹ ní ká rọra, mo sáré. Tí n bá rọra ni, bí okùn fà, bí okùn ò fà, ẹja náà á ti yà fún wa."

"Ìbéèrè mi ni pé, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo ti dáhùn, sà. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀."

Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn. Alága fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó ní, "Ojú rẹ ńkọ́? Kí ló fọ́ ọ?"

"Ẹja ni. Ó fi ìrù gbá gíláàsì."

Àwòdì ti dìde kó tó mọ̀. "Irọ́ ni, sà! Èmi ni mo fọ́ ọ. Ọ̀pá ìwọ̀ ni mo fi gbá a. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ọkọ mi, èmi ni mo fọ́ ọ."

"Jókòó, Àwòdì," ni Kíákíá wí.

"Mi ò jókòó!"

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ọ̀rọ̀ tọkọtaya máa ń fà. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin tísà yí padà. Kò pariwo. Ó wo Kíákíá, ó wo Àwòdì. Ó ní, "Ẹ̀yin ń bo ara yín. Ó dáa, ẹ fẹ́ràn ara yín. Bàbá mi jókòó tì mí, a jọ ń sọ̀rọ̀, mo sì yí ojú padà, ọrùn wọn ti kán. Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣé kò sí ẹnì kan nínú yín tó lè sọ ọ́ fún mi?"

Ẹ̀rín dá. Kíákíá tẹ orí mọ́lẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwòdì, Gírísì ń gbìyànjú láti dìde. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dìde pẹ̀lú apá kan, ó ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àwòdì di ọwọ́ tó kù yẹn mú, ó sì fà á padà sórí àga. Ó dì í mú gírígírí. Gírísì wò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́." Àwòdì wo ọmọbìnrin tísà náà, ó wo ọkọ rẹ̀ tó ti ṣetán láti gba ẹ̀wọ̀n. Omi dà lójú rẹ̀ pẹ̀rẹ̀. Ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀, ó ki èjìká bọ abẹ́ abíyá àbúrò rẹ̀, ó sì gbé e dìde.

Wọ́n jọ rìn lọ síwájú. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà, Gírísì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àwòdì ní, "Sọ̀rọ̀ sókè. Jẹ́ kó gbọ́ ẹ."